Tàdáwà Tí Omi Ń Fọ̀ Kì í Ṣe Tàdáwà Ìtàn

Ìbéèrè kan wà tí àwa olùfẹ́ kálámù máa ń bi ara wa nígbàkígbà tí a bá pàdé: "Èwo ni ẹ mú dání lónìí?" Kì í ṣe bíìkì ni a ń sọ. Kálámù tí a ń rọ tàdáwà sí nínú ni, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ wa láti máa pè ní stylo à plume. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni oníkálùkù yóò ti ọwọ́ bọ àpò. Ẹnì kan yóò yọ Lamy Safari, yóò sì sọ fún wa bí ẹnu rẹ̀ ti ń yọ̀ lórí ìwé. Ẹlòmíràn yóò yọ Jinhao, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà, yóò ní owó pọ́ọ́kú ni òun fi rà á. Ẹnì kẹta yóò ṣí ìgò tàdáwà tí ẹ̀bu dídán ń kọ mànà nínú rẹ̀, gbogbo wa yóò sì kígbe ìyanu. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, n kò sì ní purọ́, mo wà lára àwọn tí ó ń dùn mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìbéèrè kejì tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni: "Kí ni ẹ fi í kọ?" Àti ẹ̀kẹta tí ó tẹ̀ lé e: ohun tí ẹ kọ náà, ṣé yóò ṣì wà lójú ìwé nígbà tí ọmọ yín bá ṣí i?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹjọ́ tí mo mú wá síwájú yín kò gùn. Tàdáwà tí a ṣe kí ó lè pa rẹ́ ni a ń fi kọ ohun tí kò yẹ kí ó pa rẹ́. A mọ bí a ti ń yan kálámù, a kò mọ bí a ti ń yan tàdáwà. Ojú ni a fi ń yàn án, bí ẹni ń yan aṣọ ọdún: èyí dúdú ju, èyí pọ́n, èyí jọ àwọ̀ òkun. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ariyanjiyan lórí kálámù ni làpálàpá wa; tàdáwà tí ń ṣá ni ètè.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo ń na ìka sí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, Kétu ni mo ti máa ń lo ìsinmi, lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi. Ìsinmi mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Òun ń ki oríkì ìdílé, èmi ń kọ. Bí ó bá ki ìlà bíi mélòó kan, yóò dúró, yóò wo ọwọ́ mi, yóò ní, "Ṣé o ti kọ ọ́?" Èmi yóò dáhùn pé, "Mo ti kọ ọ́, ìyá." Kálámù tí mo ní nígbà náà ni ó dára jù lọ nínú èyí tí mo ti ní rí, tàdáwà inú rẹ̀ sì jẹ́ búlúù tí ó mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ọ̀rọ̀ kan wà lára ìgò rẹ̀: effaçable. Mo kà á, mo sì rò pé ohun rere ni.

Ìyá papò dà. Mo kó ìwé náà sínú àpótí, mo gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ kan n ó jókòó, n ó tún un kọ dáadáa. Nígbà òjò ọdún kan, òrùlé jò sórí àpótí náà, n kò sì tètè mọ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí i, mo sá ìwé náà sóòrùn, ó gbẹ. Kò sí ojú ewé kan tí ó ya. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí wọn mọ́. Ohun tí ó kù ni àbàwọ́n búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí omi tí a fi ṣan aṣọ aláró. Nínú àpótí kan náà ni ìwé owó sìmẹ́ǹtì tí mo rà wà, bíìkì ni oníṣòwò fi kọ ọ́. Kò sí ẹyọ fráńkì kan tí n kò lè kà lórí rẹ̀. Iye owó sìmẹ́ǹtì ni omi fi sílẹ̀ fún mi. Oríkì ìdílé mi ni ó gbé lọ.

N kò bá òjò wí. N kò bá ẹni tí ó ṣe tàdáwà wí, nítorí ó ti kọ ọ́ sára ìgò. Èmi ni mo fi ohun tí kò dúró kọ ohun tí mo fẹ́ kí ó dúró.

Àwọn baba wa kò ṣi èyí mú. Orúkọ tí a ń pe nǹkan wọ̀nyí pàápàá jẹ́rìí pé a ti mọ̀ wọ́n kí a tó mọ Faransé: kálámù àti tàdáwà, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti ṣẹ̀, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a sì ti gbà wọ́n. Ẹ lọ sí ilé-kéú ní Àjàṣẹ́, ẹ ó rí wàláà. Ọmọ yóò kọ ẹsẹ̀ sára pákó, yóò kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí, yóò sì fọ̀ ọ́ nù kí ó lè kọ òmíràn. Ààfáà yóò kọ ẹsẹ̀ kan sí wàláà, yóò fi omi fọ̀ ọ́, aláìsàn yóò sì mu omi náà. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, fífọ̀ ni ìwúlò tàdáwà. Bí kò bá ṣeé fọ̀, wàláà bàjẹ́, oògùn kò sì ṣeé mu. Ṣùgbọ́n kò sí ààfáà tí yóò sọ fún yín pé wàláà ni ibi tí a ń pa ìtàn ìdílé mọ́ sí. Iṣẹ́ tàdáwà pé méjì: ọ̀kan wà fún fífọ̀, ọ̀kan wà fún ìpamọ́. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ni yóò sunkún.

Ibo ni a ti wá rí ìdàrúdàpọ̀ yìí? Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Nígbà ìjọba Faransé ní Dahomey, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa ri ẹnu kálámù bọ inú ìgò tí ó wà lórí tábìlì, tàdáwà elésè àlùkò ni ó sì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa tí ó gba ibẹ̀ kọjá ṣì ń rántí ìka tí kò mọ́ àti ojú ìwé tí tàdáwà kán sí. Ní oṣù Kejìlá 1950, Marcel Bich gbé bíìkì rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1965, ìjọba ibẹ̀ gbà kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa lò ó. Nígbà tí yóò fi di 2006, bíìkì tí wọ́n ti tà ní gbogbo ayé ti pé bílíọ̀nù 100. Kálámù tí a ń rọ tàdáwà sí kò kú nítorí èyí. Ó kù lọ́wọ́ ọmọdé tí ń kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, búlúù tí ó ṣeé fọ̀ sì ni a rọ sínú rẹ̀, kí ó lè ṣeé fọ̀ kúrò lára ẹ̀wù, kí ọmọ tí ó bá sì ṣì í kọ lè fi effaceur pa á rẹ́ kí ó tún un kọ. Iṣẹ́ rere ni fún ọmọdé. Fún ọmọdé náà ni a ṣe é. Ẹ̀bi kò sí lára tàdáwà náà, ara àwa tí a dàgbà tán ni ẹ̀bi wà, àwa tí a gbé tàdáwà ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ arúgbó tí ń pìtàn.

Irú tàdáwà wo wá ni ó yẹ? Oríṣi méjì ni mo mọ̀ tí mo lè jẹ́rìí sí.

Àkọ́kọ́ ni tàdáwà oní-irin, tí Faransé ń pè ní encre ferro-gallique. Kókó tí kòkòrò ń mú kí ó so lára igi óákù ni wọ́n ti ń yọ omi rẹ̀. Omi kíkan inú kókó náà àti iyọ̀ irin ni wọ́n pò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni àwọn ará Yúróòpù fi kọ ìwé òfin àti ìwé ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí yóò mọ ìwà rẹ̀. Nígbà tí aláró bá fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ni ó kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tàdáwà yìí: yóò fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí a bá kọ ọ́, yóò sì máa dúdú sí i bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án, nítorí ó ti di mọ́ okùn inú ìwé. Omi lè gbé àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kún un lọ. Dúdú irin yóò dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ orúkọ ọmọ tuntun àti orúkọ tọkọtaya sínú ìwé ìjọba tẹ́lẹ̀ rí. Blue-Black ti Pelikan 4001 láti Jámánì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Blue-Black ti Platinum láti Jàpáánì, àti Salix ti Rohrer & Klingner. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kì í ṣe gbogbo ìgò tí a kọ Blue-Black sí ni ó ní irin nínú.

Èkejì ni tàdáwà ẹlẹ́bu. Kì í ṣe àwọ̀ tí ó yọ́ sínú omi ni, ẹ̀bu tí ó kúnná gidigidi ni, bíi dúdú ìdí ìkòkò tí a lọ̀ títí ojú kò fi lè rí i. Bí ó bá ti gbẹ sórí ìwé, omi kò rí i gbé ṣe, oòrùn kò sì rí i mú. Carbon Black ti Platinum àti Kiwa-Guro ti Sailor jẹ́ irú èyí.

Àwọn méjèèjì fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ sínú kálámù. Ẹ fi omi tútù ṣan kálámù náà lóṣooṣù títí omi yóò fi mọ́. Bí ẹ kò bá ní lo kálámù náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ dà á nù kí ẹ tó gbé e pamọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe rọ encre de Chine, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ya àwòrán, sínú irú kálámù yìí láé. Ohun tí ó dà bíi gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Yóò le, yóò sì dí ọ̀nà tàdáwà pa. Ẹni tí ó bá ní wàhálà náà pọ̀ jù, mo fi òwe dá a lóhùn: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Bí ẹ kò bá sì mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín, ìdánwò rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ ìlà kan náà sórí ìwé méjì, ẹ jẹ́ kí ó sun ọjọ́ kan. Ẹ ri ọ̀kan bọ omi fún wákàtí kan. Ẹ fi ìdajì èkejì pamọ́ sáàárín ìwé ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì tí ó kù wà lójú fèrèsé nínú oòrùn fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀ka kejì ẹjọ́ mi wà lórí ẹnu kálámù. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ẹnu fífẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí àwọ̀ tàdáwà hàn. Fún Faransé, ó lè ṣeé gbà. Fún Yorùbá, ó ń bà á jẹ́. Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀: àmì kéékèèké nìkan ni ó wà láàárín wọn. Bí ẹnu fífẹ̀ bá da tàdáwà sórí ìwé olówó pọ́ọ́kú, yóò tàn kálẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, àmì ohùn yóò di ẹ̀kán lásán. Ìlà oríkì tí ń sọ ọ̀wọ̀ tí ayé ní fún baba ńlá yín yóò wá di ọ̀rọ̀ owó tí baba ńlá yín ní. Yálà ẹ ń kọ ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí ẹ ń kọ ɛ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti là á kalẹ̀, àmì ohùn tí ó wà lókè kò ní ibi tí yóò sá lọ.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa fúnra rẹ̀ ti fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ìlà tí a ń pè ní Seyès, tí ará Faransé kan, Jean-Alexandre Seyès, gbé kalẹ̀ ní 1892, fi mìlímítà 8 sáàárín ìlà ńlá kan àti èkejì, ó sì fi ìlà wẹ́wẹ́ pín àyè náà ní mìlímítà 2, 2. Fún ẹni tí ń kọ Faransé, ìlà wẹ́wẹ́ ń fi gíga lẹ́tà hàn. Fún ẹni tí ń kọ Yorùbá, ó fún àmì ní ilé: àmì ohùn ní òkè tirẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kálámù tí a kọ B sí lè fa ìlà tí ó sún mọ́ mìlímítà 1, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ilé náà. Ẹnu EF, pàápàá ti àwọn ará Jàpáánì, kì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Òun ni ó yẹ ọwọ́ ẹni tí ń kọ èdè wa. Kò lẹ́wà lójú bí ẹnu fífẹ̀. Ó kàn ń sọ òtítọ́ ni.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń dá mi lóhùn. Wọ́n ní tàdáwà rere wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ìgò tí ó gba mìlílítà 30 lè rọ kálámù ju ìgbà 30 lọ, nítorí katiríìjì kúkúrú kan kò tó mìlílítà kan. Ìgò kan lè tó akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èyí pàápàá bá nira, ẹ má fi ìtìjú ṣe é: ẹ mú bíìkì dúdú, kí ẹ fi í kọ ọ́. Ìwé owó sìmẹ́ǹtì mi ti jẹ́rìí. Bíìkì dúdú ní ọwọ́ ẹni tí ń kọ ìtàn sàn ju kálámù ẹlẹ́nu wúrà tí búlúù ọmọdé kún inú rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwa olùfẹ́ kálámù. Ó yẹ kí ó dùn wá.

Wọ́n tún ní mo fẹ́ gba ayọ̀ àwọ̀ lọ́wọ́ wọn. Rárá o. Ẹ fi elésè àlùkò kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́ yín. Ẹ fi tàdáwà dídán kí ènìyàn kú ọdún. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má gbé e lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀.

Wọ́n ní tẹlifóònù ti dé. Ó dé lóòótọ́, ẹ fi gba ohùn sílẹ̀, n kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù a máa bọ́ sómi, a máa sọnù, a sì máa ń pa á tì fún tuntun pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó sì ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí ó fi tẹlifóònù kọ? Ohùn nínú tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ lórí ìwé: kí ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí èkejì.

Mo dárúkọ òru Ẹ̀fẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ọ̀ràn. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìṣúra ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sì jọ ni ín. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò kọ orin sílẹ̀. Orin tí Ẹ̀fẹ̀ kọ lóru ọdún yìí lè má tún jáde mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó nínú ìrì, tí ìwé rẹ̀ ń tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni ó ń gbé e kalẹ̀. Bí tàdáwà rẹ̀ bá ń tàn nígbà tí ìrì bá kàn án, kí ni yóò kó délé?

Ẹ rántí Samuel Johnson. Ní 1897 ni ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Johnson fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nítorí pé àwọn àkọsílẹ̀ náà ṣeé kà ni a fi ní ìwé náà lónìí. Ẹ rántí Thomas Moulero pẹ̀lú, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ ní Dahomey tí ó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928. Ó gbọ́ ìtàn Kétu àti Ṣábẹ̀, ó sì kọ ọ́. Àwọn tí ń kọ ìtàn wa lónìí ṣì ń lọ bá a nínú ìwé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ṣá, ta ni yóò lọ bá a?

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ìwé ìpàdé wa àti ìwé tí a ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà má ṣe rí tàdáwà tí ó ṣeé fọ̀ mọ́ láti òní lọ. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ nínú búlúù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tún un dà kọ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí òjò tó dé, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá tún pàdé, tí a sì yọ kálámù wa jáde bí ìṣe wa, kí oníkálùkù mú ojú ewé kan tí ó fi kálámù náà kọ wá pẹ̀lú, ní èdè wa, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé. Ẹni tí kò bá ní ojú ewé kan láti fi hàn, kí ó dá kálámù rẹ̀ padà sápò.

Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé. Kò mọ Pelikan, kò mọ Platinum, kò mọ ohun tí effaçable túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó tọ́: "Ṣé o ti kọ ọ́?" Mo dá a lóhùn pé mo ti kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa, n kò sì mọ̀.